Ṣé kí n fi owó ìfẹ̀yìntì mi ra orúkọ sítúdíò Èkó wá sí Ìbàdàn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Sítúdíò kan wà ní Èkó tó ń ya fọ́tò ẹbí ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n ti wá ń ṣe fránsáìsì fún ẹni tó bá fẹ́ ṣí ẹ̀ka ní ìlú míì. ₦2,500,000 ni wọ́n ní kí n san fún orúkọ, lẹ́yìn náà 8% lóṣooṣù àti 2% fún ìpolówó. Ọwọ́ wọn ni mo ti gbọ́dọ̀ ra kámẹ́rà àti iná. Gbogbo rẹ̀ máa tó ₦6,500,000, gírátúítì mi sì ni. Wọ́n ní láàárín oṣù 8 owó mi á ti padà. Ọmọ mi ọkùnrin mọ fọ́tò yà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ṣe é?"

Mà, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Owó tí èèyàn fi ìdúró òru ní wọ́ọ̀dù kó jọ kì í ṣe owó tí wọ́n ń fi dán nǹkan wò, nítorí náà mi ò ní sọ èyí tó dùn ún gbọ́ nìkan fún yín. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi, ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀ tó lọ́ mọ́ ara wọn. Ọ̀kan ni bóyá fọ́tò ẹbí olówó pọ́ọ́kú ṣì lè bọ́ èèyàn ní Ìbàdàn. Èkejì ni bóyá orúkọ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín tó iye tí wọ́n pè é. Tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ ni sí àkọ́kọ́, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń tà. Sí èkejì, pẹ̀lú iye tí ẹ kọ sókè yìí, mi ò ní fọwọ́ sí i bí mo bá wà ní ipò yín, àyàfi tí wọ́n bá yí àwọn nǹkan kan padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ rà. Bí ẹ bá san owó fránsáìsì, ẹ ò di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ Èkó yẹn, ẹ ò sì ní ìpín kankan níbẹ̀. Àyè láti lo orúkọ wọn, àmì wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ni ẹ rà, fún iye ọdún tí ìwé bá sọ. Tiyín ni ṣọ́ọ̀bù, tiyín ni owó ilé, tiyín ni òṣìṣẹ́, tiyín náà sì ni àdánù. Mo ti rí ẹni tó rò pé bí ọjà bá kùtà, àwọn olórúkọ á wá fi owó kún un. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé àdéhùn kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó tún máa ń dojú rú mọ́ èèyàn lójú ni 8% yẹn. Ọ̀pọ̀ rò pé inú èrè ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Rárá o. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn fránsáìsì, orí gbogbo owó tó bá wọlé ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé, kí ẹ tó yọ owó ilé, owó oṣù òṣìṣẹ́ àti epo jẹnẹrétọ̀. Mo fẹ́ fi ìṣirò hàn yín. Mo kàn fojú bu àwọn iye yìí ni, kí ẹ fi èyí tí ẹ bá bá pàdé ní ìgboro rọ́pò wọn. Ká ní ẹbí kan ń san ₦15,000, tí ìtẹ̀ fọ́tò àti férémù ń jẹ ₦5,000 nínú rẹ̀. 10% tó ń lọ sí Èkó (8% àti 2% ìpolówó) jẹ́ ₦1,500. Ó ku ₦8,500 lọ́wọ́ yín. Ká wá ní owó ilé, owó oṣù èèyàn mẹ́ta, iná àti epo, dátà, ìmọ́tótó àti àtúnṣe jẹ́ ₦700,000 lóṣù. Ẹbí 83 ló gbọ́dọ̀ wọlé lóṣù kí ẹ má baà jẹ gbèsè, ẹ ò sì tíì mú kọ́bọ̀ lọ sílé. Bí 60 péré bá wá, ₦900,000 ló wọlé, ẹ pàdánù ₦190,000, ṣùgbọ́n ₦90,000 ti Èkó á dé ọwọ́ wọn láìdín kọ́bọ̀. Mi ò sọ pé oníjìbìtì ni wọ́n o. Bí fránsáìsì ṣe rí káàkiri ayé nìyẹn: ẹni tó ni orúkọ lè máa jèrè nígbà tí ẹni tó yá a lò ń jìyà.

Ẹ wá fi ìṣirò kan náà yẹ "oṣù 8" tí wọ́n ṣèlérí wò. Kí ₦6,500,000 tó padà lóṣù 8, èrè oṣù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó ₦812,500. Pẹ̀lú ₦8,500 lórí ẹbí kan, ẹbí 178 nìyẹn lóṣooṣù, láti oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà sì mọ ìgbà tí ẹbí máa ń ráàyè: ọjọ́ Sátidé, àti ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Bí gbogbo wọn bá wá lópin ọ̀sẹ̀, ó lé ní 20 lójúmọ́. Bí ẹbí kan bá lo ìdajì wákàtí, ó ju wákàtí 10 lọ tí kámẹ́rà ò ní sinmi, tí ọmọ kankan ò sì gbọ́dọ̀ ké. Ẹ ti tọ́jú ọmọ rí, ẹ mọ̀ bóyá ìyẹn ṣeé ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù ò dọ́gba. Oṣù Kejìlá, Àjíǹde, Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá, àti ìparí táàmù oṣù Keje tí àwọn jẹ́léósinmi ń ṣe gírádúéṣọ̀n, ìgbà ìkórè nìyẹn. Oṣù Kínní tí owó iléèwé ti gbá àpò gbẹ, ẹ lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kó jẹ́ pásípọ́ọ̀tù nìkan ni ẹ máa yà. Iléyá náà kì í dúró sójú kan, ó ń fi bí ọjọ́ 11 yára sí i lọ́dọọdún, débi pé láwọn ọdún kan gbogbo ayẹyẹ á ṣù jọ sí oṣù mélòó kan, ìyókù á wá dá páropáro. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá á rò pé òun ti là. Ẹ bi àwọn ará Èkó léèrè oṣù wo ni wọ́n fi ṣe ìṣirò wọn.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí a bá dín owó kù, èrò á pọ̀, èrè kékeré kékeré á sì di ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni owó pọ́ọ́kú. Ohun tí oníbàárà bá fi kún un lẹ́yìn tó ti rí fọ́tò ni ẹja. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ CPI ló ń ya fọ́tò nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù Sears, nígbà tó di 2007 ó ra ilé-iṣẹ́ tó ń ya ti inú àwọn ṣọ́ọ̀bù Walmart mọ́ ọn. Ìyá tó wá ra bàtà ọmọ á bá sítúdíò pàdé níbẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi pè é wọlé, wọ́n á ya ọmọ náà ní oríṣiríṣi, wọ́n á wá tẹ́ gbogbo rẹ̀ síwájú ìyá. Ta ló máa wo ẹ̀rín ọmọ tó bí kó ní kí wọ́n dà á nù? Èyí tí ìyá ọ̀hún bá kó lé e ni wọ́n ń jẹ.

Nígbà tí kámẹ́rà dígítà àti fóònù dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, ẹ̀rín ọmọ ti kún inú fóònù ìyá, fáìlì ló sì ń béèrè, kò fẹ́ bébà mọ́. CPI pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn ti gbogbo sítúdíò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pa lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kẹrin 2013, àwọn tó ti sanwó wá ń wá fọ́tò wọn kiri. Nínú àwọn sítúdíò míì níbẹ̀, Kiddie Kandids ti ṣíwájú rẹ̀ lọ ní 2010, Portrait Innovations sì tẹ̀lé e ní 2020. CPI fúnra rẹ̀ ló ni sítúdíò rẹ̀, kì í ṣe fránsáìsì, ṣùgbọ́n Glamour Shots tó jẹ́ fránsáìsì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Oklahoma City ní 1988, tó sì fi ìgbà kan ní ẹ̀ka tó lé ní 300, òun náà ti rù kù.

Ní Japan ẹ̀wẹ̀, Studio Alice ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò sì kú. Aṣọ ló gbà á là. Àwọn ará Japan ní ayẹyẹ kan ní oṣù Kọkànlá fún ọmọ ọdún 3, ọdún 5 àti ọdún 7, kimono, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, sì ni ọmọ ń wọ̀ fún un. Sítúdíò ló ní kimono náà, òun ló ń wọ̀ ọ́ fún ọmọ, òun ló ń ṣe irun rẹ̀, owó díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà fún yíyà. Lẹ́yìn náà ni òbí á wá yan fọ́tò, ibẹ̀ sì ni owó wà. Fóònù lè ya ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní aṣọ tí kò sí nílé.

Àwa náà mọ èyí tipẹ́. Láàárín 1970 sí 1979, àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún máa ń ya ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí èkejì rẹ̀ bá ti kú, wọ́n á tẹ méjèèjì sórí bébà kan, kó lè dà bíi pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìyẹn nílé ara rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè mi fún àwọn ará Èkó ni: kí ni sítúdíò yín ní tí kò sí nínú fóònù oníbàárà? Bó bá jẹ́ ògiri funfun àti iná méjì ni wọ́n fẹ́ tà ní ₦2,500,000, ó wọ́n jù. Ẹ̀yin sún mọ́ Ìsẹ́yìn ju Èkó lọ. Agbádá aṣọ òkè fún ọmọ ọdún kan, ìyá tó mọ gèlè wé, ìlẹ̀kẹ̀, fìlà abetí ajá ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, àpótí kan tó kún fún irú nǹkan báyìí lè mówó wọlé ju lẹ́ńsì olówó ńlá lọ. Ẹ wò ó nínú ìṣirò ìṣáájú: bí ìdajì àwọn ẹbí bá fi ₦8,000 kún owó wọn nítorí aṣọ tàbí fọ́tò ńlá, tí ìyẹn sì ná yín ní ₦3,000, ẹbí 83 tí ẹ nílò á wálẹ̀ sí 67, kódà bí ẹ bá ṣì ń san 10% ti Èkó.

Fọ́tò àgbàlagbà náà wà ńbẹ̀, òun ni kì í mọ oṣù. Àwọn ọmọ kì í ronú kan fọ́tò ìyá wọn títí di ọjọ́ tí wọ́n á máa tú fóònù wò láti rí èyí tí wọ́n á lò fún pósítà ìsìnkú, èyí tí wọ́n á sì rí á jẹ́ èyí tí ìyá ti ń jẹun. Ẹ lè fi ọgbọ́n polówó rẹ̀, láìdárúkọ ikú: "Ẹ mú Màmá wá." Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù yín gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó sì ní ibi tí mọ́tò lè dúró sí. Orúnkún Màmá ò lè gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, ẹ ò nílò kí n sọ ìyẹn fún yín. Ní tèmi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Chálẹ́ńjì tàbí Àkóbọ̀ sàn ju kọ̀rọ̀ òkè nínú mọ́ọ̀lù Dùgbẹ̀ tàbí Ring Road lọ, bí mọ́ọ̀lù tiẹ̀ ní èrò. Owó ilé mọ́ọ̀lù á fi bí ẹbí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún iye tí ẹ nílò lóṣù, ọ̀pọ̀ èrò ibẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ́ tó wá fi fóònù ya ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

Ẹ wo yàrá náà dáadáa. Bébà tí wọ́n ń fà wálẹ̀ láti ògiri, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí wọ́n ń dì pọ̀ tà, mítà 2.72 ni fífẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 9. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹbí Ìbàdàn tó bá wá ní Iléyá, bàbá àgbà, ìyá àgbà, ọmọ mẹ́rin, ìyàwó, ọkọ àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, ibo lẹ fẹ́ tò wọ́n sí? Ògiri tí wọ́n kùn tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15, tí yàrá sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25, wúlò ju bébà yẹn lọ, kò sì wọ́n. Ẹ tún rántí ooru. Èèyàn 15 lábẹ́ iná nínú yàrá tí ẹ́síì ò ti ṣiṣẹ́, ọmọ á ké, pọ́dà á ṣàn, gbogbo wọn á sì fẹ́ lọ sílé láìra nǹkan kan kún un. Nítorí náà owó jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà kì í ṣe ohun tí ẹ máa fojú fò nínú ìṣirò.

Pé ọwọ́ wọn ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ra kámẹ́rà àti iná ń kọ mí lóminú díẹ̀. Nígbà míì ó ní ìdí tó dára, kí fọ́tò gbogbo ẹ̀ka lè rí bákan náà. Nígbà míì sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jèrè. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lọ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní ọjà. Èyí tó burú jù ni bí àdéhùn bá de ọwọ́ yín lórí iye tí ẹ lè gbà. Òkè òkun ni bébà àti yíǹkì ìtẹ̀ fọ́tò ti ń wá, a sì rí bí wọ́n ṣe fò sókè lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023. Bí Èkó bá pàṣẹ pé ₦15,000 ni títí ọdún fi máa parí, tí ìtẹ̀ wá kúrò ní ₦5,000 tó di ₦8,000, ẹ ti parí iṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti òfin, Nàìjíríà ò ní òfin kan tó dá dúró lórí fránsáìsì. Ní Amẹ́ríkà, òfin FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀, ní kí ẹni tó ń tà á fún oníbàárà ní ìwé àlàyé ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, orúkọ àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́ àti ti àwọn tó fi í sílẹ̀ láìpẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Níbí, ẹ̀yin lẹ máa béèrè rẹ̀ fúnra yín. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà gbogbo àwọn tó ti ra ẹ̀ka, kì í ṣe ti ẹni méjì tí wọ́n yàn, pàápàá ẹni tó ti jáde. Kí ọmọ yín lọ jókòó sí ìta ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka náà lọ́jọ́ Sátidé kan àti lọ́jọ́rú kan, kó máa ka orí. Kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ báńkì ẹ̀ka kan hàn yín. Bí wọ́n bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn gbà.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti forúkọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò ní Àbújá. Ìwé CAC ò tó fún ìyẹn. CAC ló ń sọ pé ilé-iṣẹ́ wà, kò sọ pé ẹlòmíì ò lè lo orúkọ náà fún ọjà. Àmì òwò tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ń lo ọdún 7 ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á máa sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 14. Bí kò bá sí, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ọ̀rọ̀ NOTAP, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, tí àwọn kan máa ń mẹ́nu kàn wà fún àdéhùn pẹ̀lú ará òkè òkun, kò kan ti Èkó yìí. Ẹ má sì gbé fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ sórí Instagram láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ buwọ́ lu ìwé, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Mi ò rí ìwé àdéhùn náà, mi ò sì í ṣe agbẹjọ́rò. Ẹ san owó fún agbẹjọ́rò tó máa kà á dé òpin.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? N kò ní purọ́ pé kò sí ire nínú fránsáìsì. Ẹni tí kò ṣe sítúdíò rí ń rí ẹ̀kọ́ gbà níbẹ̀, ó ń rí ètò tí wọ́n fi ń gba oníbàárà sílẹ̀, ó sì lè rí bébà rà ní ẹ̀dínwó. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lówó lórí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n mọ̀ ní Lẹ́kì, ta ló mọ̀ ọ́n ní Mọ́níyà? Ọdún àkọ́kọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ orúkọ wọn di ńlá ní Ìbàdàn, ẹ ó sì máa sanwó fún wọn lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà kí owó orúkọ wá sí ìdajì, kí 8% bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà, kí ẹ lè yí iye padà, kí ẹ ra irinṣẹ́ níbi tó bá wù yín, kí wọ́n má sì ta ẹ̀ka míì fún ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn, màá ní kí ẹ tún un rò. Bí wọn ò bá gbà, ẹ ṣe tiyín ní kékeré. Ẹ háyà gbọ̀ngàn kékeré fún ọ̀sẹ̀ méjì oṣù Kejìlá, ẹ bá iléèwé jẹ́léósinmi méjì sọ̀rọ̀ fún oṣù Keje, ẹ fi ₦1,500,000 péré ṣe é, kí ìyókù wà ní báńkì. Ó lọ́ra ju fránsáìsì lọ, kò sì ní báágì aláwọ̀ mèremère, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín lè máà rí iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó mọ iye ẹbí tó máa wá ní tòótọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀.

Ní ti ọmọ yín, fọ́tò yíyà ni apá tó rọrùn jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n díẹ̀ lè kọ́ iná sítúdíò láàárín oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tó máa jókòó ti ìyá ọmọ, tó máa fi fọ́tò hàn án ní pẹ̀lẹ́tù, tó máa mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, òun ló máa pinnu bóyá ₦15,000 á di ₦23,000. Ẹ̀yin lẹ sàn jù fún ìyẹn, nítorí ẹ ti fi ọdún púpọ̀ tu ìyá àti ọmọ nínú. Kí ọmọ yín sì wà lórí owó oṣù tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀kan nínú èèyàn mẹ́ta inú ₦700,000 yẹn ni. Bí ẹ bá ní kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé ọmọ ni, ìwé ìṣirò á máa sọ pé èrè wà, òun á sì máa wá iṣẹ́ míì ní kọ̀rọ̀.